Kí ló dé tí ẹbí bórọ́ọ̀nù kò fi tẹ̀lé òfin tí wọ́n kọ́ wa?

Ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ọ̀gá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ni mí, ìdánwò sì ti ku dẹ̀dẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé bí a bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọ̀wọ́ kan lórí tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, átọ́ọ̀mù á máa tóbi sí i, á sì máa rọrùn sí i láti yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára rẹ̀. Ó bá ọ̀wọ́ kìíní mu, ó bá ìkejì mu. Ìgbà tí mo dé ọ̀wọ́ 13, ìyẹn ẹbí bórọ́ọ̀nù, ni gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú. Gálíọ̀mù kéré ju alumíníọ̀mù lọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tálíọ̀mù ṣòro yọ ju ti índíọ̀mù lọ. Gálíọ̀mù ń yọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ èèyàn. Wọ́n ní ipò +3, ìyẹn fífi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta sílẹ̀ nínú ìdàpọ̀, ni gbogbo ẹbí náà ń wà, tálíọ̀mù ní +1 lòun fẹ́. Ìwé méjì tí mo ní kò tún fẹnu kò lórí agbára ìfà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn. Ṣé òfin yẹn ni kò ṣiṣẹ́ níbí ni, àbí kí n kàn há gbogbo rẹ̀ sórí? Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni nihóníọ̀mù tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Àbúrò mi, ìwọ nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí rú lójú. Mo ti ń kọ́ èèyàn ní kẹ́mísírì tipẹ́, ọ̀wọ́ 13 yìí sì ni ibi tí àwọn tó já fáfá pàápàá ti máa ń sọ bírò sílẹ̀. Àwọn tí kì í ronú kì í rí ìṣòro kankan níbẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ pé átọ́ọ̀mù ń tóbi sí i bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ. Ìwọ wo àwọn nọ́ńbà náà dáadáa, ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ kò fi balẹ̀. Ìdáhùn kúkúrú ni pé òfin náà ń ṣiṣẹ́ níbí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ṣùgbọ́n àbájáde òfin ni wọ́n kà sí ọ létí, wọn ò ka òfin fúnra rẹ̀. Ohun mìíràn ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra lo dà pọ̀. Bí átọ́ọ̀mù ṣe tóbi tó, bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣe ṣòro yọ tó, àti ipò +1 tálíọ̀mù, inú átọ́ọ̀mù ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí wọn. Yíyọ́ gálíọ̀mù kò sí nínú átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo rárá. Bí àwọn átọ́ọ̀mù náà ṣe tò jọ ló fà á. Àìfẹnukò ìwé rẹ méjèèjì sì ti ọ̀dọ̀ àwa èèyàn tí à ń ṣe ìṣirò wá. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ló máa ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ àkọlé kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa wá ìdí kan ṣoṣo tó máa ká gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti òfin ṣáájú. Sísọ̀kalẹ̀ lórí tábìlì kò lè fa nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ibi tí a kọ orúkọ sí lórí bébà lásán ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ìjàkadì láàárín nǹkan méjì. Àwọn púrótọ́ọ̀nù tó wà ní kókó átọ́ọ̀mù ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta mọ́ra. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú dúró lágbedeméjì, wọ́n ń dín ìfà yẹn kù kó tó dé ìta. Bí púrótọ́ọ̀nù bá ń pọ̀ sí i, tí àwọn tó wà lágbedeméjì sì ń pọ̀ tó láti dènà rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta á jìnnà, átọ́ọ̀mù á tóbi, kò sì ní í nira láti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà gbà. Bí àwọn tó wà lágbedeméjì kò bá mọ iṣẹ́ wọn ṣe, ìfà á borí, átọ́ọ̀mù á sì fún pọ̀. Ní ọ̀wọ́ kìíní àti ìkejì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètò ọ̀kan nínú àwọn gáàsì tí kì í bá nǹkan dàpọ̀, irú bíi híílíọ̀mù àti níọ́ọ̀nù, ló wà lábẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta gẹ́lẹ́. Ètò yẹn mọ iṣẹ́ ìdènà ṣe dáadáa, ó sì ń ṣe é bákan náà ní gbogbo ìpele. Ìdí tí àbájáde rẹ̀ fi tò gẹ́rẹ́gẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì mú kí àwọn olùkọ́ máa pè é ní òfin.

Bórọ́ọ̀nù àti alumíníọ̀mù ṣì wà lójú ọ̀nà yìí. Ètò híílíọ̀mù ló wà lábẹ́ bórọ́ọ̀nù, ti níọ́ọ̀nù ló wà lábẹ́ alumíníọ̀mù. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta níta, méjì nínú s, ọ̀kan nínú p (s, p, d àti f ni orúkọ oríṣi àyè tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé nínú átọ́ọ̀mù), bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún gbogbo ẹbí náà. Wàyí o, ka iye púrótọ́ọ̀nù wọn pẹ̀lú mi: bórọ́ọ̀nù 5, alumíníọ̀mù 13, gálíọ̀mù 31, índíọ̀mù 49, tálíọ̀mù 81. Láti bórọ́ọ̀nù dé alumíníọ̀mù, 8 ló fi lé. Láti alumíníọ̀mù dé gálíọ̀mù, 18. Láti gálíọ̀mù dé índíọ̀mù, 18. Láti índíọ̀mù dé tálíọ̀mù, 32. Ìgbésẹ̀ yẹn kò dọ́gba, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ká tó dé orí gálíọ̀mù, a ti gba inú mẹ́tàlì mẹ́wàá kọjá, láti skándíọ̀mù dé síǹkì, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù d mẹ́wàá sì ti wọlé pẹ̀lú púrótọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Ká tó dé tálíọ̀mù, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù f mẹ́rìnlá tún ti wọlé ṣáájú d mẹ́wàá mìíràn.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù d kò mọ ìdènà ṣe, ti f tún burú jù ú lọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù s máa ń wọlé dé ẹ̀gbẹ́ kókó, p kò wọlé tó o, d kò tó p, f ló sì gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn mẹ́wàá dúró láàárín ìwọ àti iná, ṣùgbọ́n tí wọ́n fàyè gbàǹgbà sílẹ̀ láàárín ara wọn: ooru ṣì máa bá ọ. Púrótọ́ọ̀nù mẹ́wàá tó wọlé pẹ̀lú àwọn d yẹn ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta ju bí àwọn d ṣe lè dí i lọ.

Wo bó ṣe hàn nínú nọ́ńbà. Rédíọ́ọ̀sì átọ́ọ̀mù alumíníọ̀mù, ìyẹn ìdajì fífẹ̀ rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi 143 pm (pm kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mílímítà), ti gálíọ̀mù jẹ́ nǹkan bíi 135. Gálíọ̀mù ní odidi ìpele ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ju alumíníọ̀mù lọ, síbẹ̀ òun ló kéré. Lẹ́yìn rẹ̀, índíọ̀mù fò lọ sí 167, nítorí gálíọ̀mù àti índíọ̀mù jọ ní d mẹ́wàá lábẹ́, ìyàtọ̀ tó ń dá rúdurùdu sílẹ̀ kò sí láàárín wọn mọ́, ìpele tuntun sì ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Tálíọ̀mù wá dé pẹ̀lú f mẹ́rìnlá, ó dúró sí 170. Púrótọ́ọ̀nù 32 ló fi ju índíọ̀mù lọ, odidi ìpele kan ló tún fi jù ú lọ, 3 pm péré ló fi tóbi jù ú. Agbára tí a fi ń yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kìíní sọ ìtàn kan náà: bórọ́ọ̀nù 801 kJ/mol (òṣùwọ̀n agbára fún iye átọ́ọ̀mù kan pàtó), alumíníọ̀mù 578, gálíọ̀mù 579, índíọ̀mù 558, tálíọ̀mù 589. Fi àwọn ìgbésẹ̀ 8, 18, 18, 32 sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wàá rí i pé ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò mọ ìdènà ṣe ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni nọ́ńbà ti kọ̀ láti já wálẹ̀. Ibi tí kò ti sí àlejò tuntun, ó já wálẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Bí ẹbí yìí bá jẹ́ ọmọ aláìlófin ni, Mendeleev, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó to tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, kò ní í lè ṣe ohun tó ṣe. Ní 1871, ó sọ pé àyè kan ṣófo lábẹ́ alumíníọ̀mù, ó sì ṣe àpèjúwe ẹ́límẹ́ǹtì tó máa wá jókòó síbẹ̀, tó fi mọ́ pé dẹ́ńsítì rẹ̀ máa jẹ́ nǹkan bíi 5.9 g/cm³, àti pé kò ní í pẹ́ yọ́. Ní 1875, Lecoq de Boisbaudran ní ilẹ̀ Faransé rí gálíọ̀mù. Nígbà tó kọ́kọ́ wọn dẹ́ńsítì rẹ̀, 4.7 ló bá a. Mendeleev ní kó tún un wọ̀n, pé ohun tó wọ̀n kò mọ́ tó. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó tún un wọ̀n, 5.9 ló jáde. Ẹni tí kò tíì fojú kan mẹ́tàlì náà rí ló ń tọ́ ẹni tó ní in lọ́wọ́ sọ́nà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ìtàn tó wà nínú kẹ́mísírì lọ, mi ò sì í fo ó nínú kíláàsì.

Àlàyé ìdènà yìí ní ibi tó mọ. Fún gálíọ̀mù, ó tó. Fún tálíọ̀mù, kò ká a tán. Ní átọ́ọ̀mù tó ní púrótọ́ọ̀nù 81, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó sún mọ́ kókó jù ń sáré ní nǹkan bí ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún eré ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí eré bá dé ibẹ̀, ìṣirò Einstein ló ń ṣàkóso, ó sì ń mú kí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù s, títí dé 6s (s ti ìpele kẹfà) tó wà níta, fún pọ̀ mọ́ kókó ju bí ìṣirò àtijọ́ ṣe rò lọ. Nítorí náà, bí ìwé kan bá sọ fún ọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù f nìkan ló fa gbogbo ìwà tálíọ̀mù, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ìdánwò tìrẹ kò ní í béèrè kọjá f mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n ó dára kó o mọ ibi tí àlàyé náà parí sí.

Ó kan ipò +1, ibi tí mo rò pé àwọn ìwé ti ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù. Wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù s méjì tálíọ̀mù kò fẹ́ jáde, wọ́n á sì dákẹ́. Yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú nọ́ńbà. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù p kan ṣoṣo tán, agbára tí a máa ná láti yọ s méjèèjì tó kù jẹ́ nǹkan bíi 4,942 kJ/mol fún gálíọ̀mù, 4,525 fún índíọ̀mù, 4,849 fún tálíọ̀mù. Ṣé o rí i? S méjèèjì ti gálíọ̀mù ṣòro yọ ju ti tálíọ̀mù lọ. Bó bá jẹ́ pé àìfẹ́ jáde nìkan lọ̀rọ̀ náà, gálíọ̀mù ló yẹ kó kọ́kọ́ fi ipò +3 sílẹ̀, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n gbàgbé láti sọ ni èrè. Átọ́ọ̀mù kì í ná agbára lásán; ìdè tó bá dì pẹ̀lú àwọn átọ́ọ̀mù mìíràn ló máa san án padà. Ìdè tó wà láàárín gálíọ̀mù àti klórínì nínú GaCl₃ jẹ́ nǹkan bíi 242 kJ/mol fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti índíọ̀mù jẹ́ 206, ti tálíọ̀mù sì bọ́ sí 153. Bí átọ́ọ̀mù ṣe ń tóbi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ń tàn kálẹ̀, ìdè rẹ̀ ń rọ. Tálíọ̀mù ná owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gálíọ̀mù, èrè tó rí kò sì tó nǹkan. Dídúró sí +1 ló wá bá a lára mu jù. Nígbà tí o bá ń kọ ìdáhùn, kọ ọwọ́ méjèèjì, ti ìnáwó àti ti èrè. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yé ọ.

Bí ó ṣe ń hàn nìyí. Alumíníọ̀mù kì í kúrò ní +3 nínú àkópọ̀ tí o máa bá pàdé. Gálíọ̀mù àti índíọ̀mù lè wà ní +1, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fẹ́ padà. A ní ohun kan tí wọ́n ń kọ bíi GaCl₂, tó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé gálíọ̀mù tún ní ipò +2. Irọ́ ni, gálíọ̀mù +1 kan àti gálíọ̀mù +3 kan ló jọ ń gbé inú rẹ̀. TlI₃ tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wo fọ́múlà rẹ̀ á ní +3 ni, àmọ́ tálíọ̀mù +1 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú áyódíìnì mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra wọn tí wọ́n jọ ní ẹyọ agbára òdì kan. Tálíọ̀mù +3 ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ ohun tó bá sún mọ́ ọn kó lè padà sí +1, áyódíìnì kò sì lágbára tó láti bá a jà. Ipò +1 yìí kan náà ló sọ tálíọ̀mù di májèlé burúkú: áyọ́ọ̀nù rẹ̀ (átọ́ọ̀mù tó ti fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀), tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 150 pm, kò jìnnà sí ti potásíọ̀mù tó jẹ́ 138, ara èèyàn a sì gbà á wọlé bí ẹni gba potásíọ̀mù. Mi ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fọwọ́ kàn án.

Ní ti gálíọ̀mù tó ń yọ́ lọ́wọ́ èèyàn, gbàgbé ìdènà àti d mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú kan. Bí mẹ́tàlì bá ń yọ́, a kò yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan. Àwọn átọ́ọ̀mù ló ń kúrò ní ìtò wọn. Wo ìwọ̀n ooru tí wọ́n fi ń yọ́: bórọ́ọ̀nù nǹkan bíi 2,076 °C, alumíníọ̀mù 660, gálíọ̀mù 29.8, índíọ̀mù 156.6, tálíọ̀mù 304. Kò sí òfin ìsọ̀kalẹ̀ kankan tó lè tò ìyẹn. Bórọ́ọ̀nù kì í ṣe mẹ́tàlì. Àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ kó ara wọn jọ ní méjìlá-méjìlá, ìdè líle sì so àwọn àgbájọ náà mọ́ra káàkiri, ìdí nìyẹn tó fi gba iná rẹpẹtẹ. Nínú alumíníọ̀mù, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò méjìlá tí wọ́n jìnnà sí i bákan náà. Nínú gálíọ̀mù, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kejì kan tó sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́, ní 244 pm, àwọn mẹ́fà yòókù sì wà ní nǹkan bíi 270 sí 280. Ìtò bẹ́ẹ̀ kò le, ooru díẹ̀ ti tú u ká. Ṣùgbọ́n yíyọ́ yàtọ̀ sí hihó. Gálíọ̀mù tó ti yọ́ kì í hó títí ooru á fi kọjá 2,200 °C, torí ohun tó so àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ pọ̀ nínú omi rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá ní ìdè inú gálíọ̀mù kò lágbára ni ó fi ń yọ́ kíákíá, béèrè hihó lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí o bá láǹfààní láti rí i, wò ó dáadáa. Ẹyọ gálíọ̀mù kékeré dà bíi fàdákà, ó tutù nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e lé ọ lọ́wọ́. Etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa yọ̀ lórí awọ, lẹ́yìn náà á di omi tó ń dán bíi dígí, tó sì ń fi àbàwọ́n eérú sílẹ̀ ní ojú ìlà ọwọ́. Tó bá ń dì padà, á wú sí i bíi yìnyín, nítorí náà a kì í kún ìgò rẹ̀ dẹ́nu. Má ṣe jẹ́ kó kan ohun èlò alumíníọ̀mù kankan. A ti fi hàn nínú láàbù wa: a ha ojú pákó alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a kán gálíọ̀mù síbẹ̀, a fi í sílẹ̀. Gálíọ̀mù gba àárín àwọn kírísítà rẹ̀ wọlé, nígbà tó ṣe, ìka ọwọ́ lásán la fi wó o bíi bísíkíìtì. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gbà á láyè nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Ìwé rẹ méjì tí kò fẹnu kò kì í purọ́ fún ọ. Rédíọ́ọ̀sì àti agbára ìyọkúrò, ohun tí a lè wọ̀n ni wọ́n. Agbára tí átọ́ọ̀mù fi ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ìdè sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kò sí òṣùwọ̀n tó ń kà á tààrà. A máa ń ṣírò rẹ̀ láti ara nǹkan mìíràn ni. Linus Pauling ṣírò tirẹ̀ ní 1932 láti ara agbára ìdè. Allred àti Rochow ṣírò tiwọn láti ara bí kókó ṣe ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà ní ìwọ̀n jíjìn kan. Lọ́dọ̀ Pauling, bórọ́ọ̀nù ní 2.04, alumíníọ̀mù 1.61, gálíọ̀mù 1.81, índíọ̀mù 1.78. Lọ́dọ̀ àwọn méjì yẹn, 2.01, 1.47, 1.82, 1.49 ni. Ti tálíọ̀mù tún le sí i, torí ipò tó bá wà ló ń pinnu: 1.62 nígbà tó bá wà ní +1, 2.04 nígbà tó bá wà ní +3, ọ̀pọ̀ tábìlì sì máa ń mú ọ̀kan láìsọ èyí tí wọ́n mú. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé ó já láti bórọ́ọ̀nù sí alumíníọ̀mù, ó sì tún gòkè ní gálíọ̀mù. Ìyẹn ni kó o kọ láìbẹ̀rù. Lẹ́yìn gálíọ̀mù, sọ òṣùwọ̀n ẹni tí ò ń lò kó o tó sọ nọ́ńbà.

O kò bi mí léèrè ìwà wọn nínú ìdàpọ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò máa bi ọ́, kò sì ṣòro. Agbára tí ó máa gbà láti yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bórọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,900 kJ/mol, nítorí náà kì í di áyọ́ọ̀nù B³⁺. Ó máa ń pín ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pẹ̀lú ẹlòmíràn ni, ìwà rẹ̀ sì jọ ti sílíkọ́ọ̀nù, tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún lórí tábìlì, ju ti alumíníọ̀mù lọ. Ọ́ksáìdì rẹ̀ jẹ́ ásíìdì. Ti alumíníọ̀mù àti gálíọ̀mù ń bá ásíìdì ṣe, ó tún ń bá béèsì ṣe. Ti índíọ̀mù àti tálíọ̀mù jẹ́ béèsì, TlOH sì jẹ́ béèsì líle tó ń yọ́ nínú omi bíi ti potásíọ̀mù. Ti àárín yẹn rọrùn láti fojú rí: kán sódíọ̀mù haidrọ́ksáìdì díẹ̀díẹ̀ sínú omi iyọ̀ alumíníọ̀mù, ohun funfun kan á dì bíi ògì nínú túùbù, máa kán an lọ, máa mì í, ohun funfun náà á pòórá, omi á mọ́ kedere. Bó bá jẹ́ ásíìdì lo kán sí i nígbà tó dì, yóò pòórá bákan náà.

Ohun kan tó tún máa ń gbé èèyàn ṣubú ni ásíìdì bórọ́ọ̀nù, B(OH)₃. Ó ní OH mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ pé háídrójìn mẹ́ta ló lè fi sílẹ̀. Kò fi ọ̀kankan sílẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà péré ló yí bórọ́ọ̀nù ká níbẹ̀, méjì ṣì kù kó pé mẹ́jọ tí átọ́ọ̀mù bíi tirẹ̀ máa ń wá. Ó gba OH kan lára omi láti fi dí àyè náà, ó di B(OH)₄⁻, háídrójìn tí omi pàdánù ló sì sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì rírọ̀ tó ń mú háídrójìn kan ṣoṣo jáde. Àìpé mẹ́jọ yìí ló ń darí ọ̀pọ̀ nínú ìwà ẹbí náà. AlCl₃ ń so pọ̀ ní méjì-méjì di Al₂Cl₆ nítorí rẹ̀. B₂H₆, àkópọ̀ bórọ́ọ̀nù àti háídrójìn, ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì láti so átọ́ọ̀mù mẹ́ta pọ̀ nítorí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ débi pé iṣẹ́ tí William Lipscomb ṣe lórí irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976.

Ṣé kó o há a sórí? Díẹ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ̀n ooru tí wọ́n fi ń yọ́, há a, nítorí kò sí bí o ṣe lè rò ó jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Há ètò ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn àti 8, 18, 18, 32. Rédíọ́ọ̀sì àti agbára ìyọkúrò, má wulẹ̀ há nọ́ńbà wọn. Ibi tí wọ́n gbà lọ, òkè tàbí ìsàlẹ̀, o lè rò ó láti ara ìgbésẹ̀ mẹ́rin yẹn. Bí ìbéèrè bá jẹ́ èyí tí wọ́n ní kó o mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin, kíyè sí i bóyá "ní gbogbogbòò" ni wọ́n kọ, nítorí nígbà náà, ìdáhùn tí wọ́n ń fẹ́ ni pé átọ́ọ̀mù ń tóbi sí i. Bí wọ́n bá dárúkọ gálíọ̀mù tàbí tálíọ̀mù, ohun tó yàtọ̀ ni wọ́n ń wá.

Nihóníọ̀mù ni nọ́ńbà 113. Àwọn onímọ̀ ní RIKEN, ilé ìwádìí kan ní Jàpáànì, fi átọ́ọ̀mù síǹkì lu bísímọ́ọ̀tì kí wọ́n tó rí ẹyọ kan rẹ̀ ní 2004, ọdún 2016 ni orúkọ rẹ̀ sì tó wọ tábìlì. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni èyí tó pẹ́ jù nínú oríṣi rẹ̀ ń lò kó tó fọ́, kò sí ẹni tó lè kó o jọ sínú túùbù. Ìṣirò sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ á ṣòro yọ ju ti tálíọ̀mù lọ, torí ọ̀rọ̀ eré ìmọ́lẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan le sí i níbẹ̀, àti pé +1 ló máa bá a lára mu. Bí wọ́n bá bi ọ́, kọ nọ́ńbà rẹ̀, kọ ètò ìta rẹ̀, 7s² 7p¹, kó o sì sọ pé láti orí ìṣirò ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ti wá.